Ìwọ̀n Ewé Gúáfà

Ìbídùn ọmọ ọmọ mi gbé ìgò méjì ti iléèwé bọ̀.
Nínú ìgò kọfí: ọ̀bọ̀nbọ̀n, dúdú, ó ń dán bí bàtà Ọjọ́ Àìkú.
Nínú ìgò hórílíkì: igi.
Mo ní, "Igi lo gbé wálé?" Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ ṣáà máa wò ó."
Mo wò ó títí ojú fi ń ta mí.
Igi náà gbẹ́sẹ̀.

Tíṣà ní kí wọ́n fi méjèèjì wéra fún ọjọ́ méje,
bí wọ́n ṣe ń jẹun, èwo ló jẹ jù.
Iṣẹ́ mi nìyẹn! Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi wọn kòkó ní Dùgbẹ̀,
ìwọ̀n kékeré mi ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
A já ewé gúáfà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìdí-Iṣin,
márùn-ún síhìn-ín, márùn-ún sọ́hùn-ún,
mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń ka báàgì.

Ọ̀bọ̀nbọ̀n kì í fi oúnjẹ ṣe àṣírí.
Ilẹ̀ mọ́, ó gun ewé, ó ń rún un bí ẹni ń rún ẹ̀pà,
ó lu àárín rẹ̀ ní ihò, ó fi í sílẹ̀, ó bọ́ sórí òmíràn.
Bó bá fò, a ó gbọ́ ọ láti ilé ìdáná.
Ìbídùn ń rẹ́rìn-ín: "Wọ̀bìà! Ẹ wo wọ̀bìà!"

Èyí ekejì, a ò bá a nídìí oúnjẹ rí.
Ó na ọwọ́ síwájú bí ohun tí wọ́n gbàgbé.
Atẹ́gùn bá wọlé, a mì díẹ̀, bí ewé ṣe ń mì.
Mo bi ọdẹ àdúgbò wa: "Kí là ń pè é?"
Ó họrí, ó ní: "A ò pè é rí. A ò mọ̀ pé ó wà."

Lọ́jọ́ kẹta, ìwọ̀n sọ̀rọ̀.
Mo nu awò ojú mi, mo tún wọ̀n ọ́n.
Ewé ọ̀bọ̀nbọ̀n kún fún ihò, ṣùgbọ́n ewé ṣì ni.
Ti ekejì, láti etí ni ó ti ń rẹ́ ẹ bọ̀ wálé,
gére, bí ẹni fi síṣọ́ọ̀sì gé aṣọ,
ó ku egungun àárín.
Òru. Òru ló fi ń jẹun.

Mo rántí Tìámíyù, nínú ṣẹ́ẹ̀dì kòkó,
tó ń rẹ́rìn-ín kèé, tó ń bu ẹ̀kúnwọ́ sápò lójú gbogbo ayé.
Wọ́n mú un lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n já bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní gbangba.
Mo rántí Fádàírò,
tínrín, ẹ̀bá ògiri, aṣọ rẹ̀ láwọ̀ ògiri.
Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jẹ etí ìwé báàgì.
Sẹ́ńdọ́ọ̀fù la ṣe fún un. A fún un ní aago.

"Bàbá àgbà, èwo ló burú jù?"
"Tíṣà ò bèèrè ìyẹn. Kọ ìwọ̀n."
Ó wò mí nínú àga, ọwọ́ mi nínà lórí orúnkún.
Ó ní, "Ẹ jọ ọ́ báyìí."
Ọmọdé ò mọ ohun tó wí.
Lọ́dún mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, èmi ni mo di ìwọ̀n mú.
Ó sọ fún mi. Mo nù ún, mo dá a padà sínú àpótí.

Tíṣà fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. A tú wọn sílẹ̀.
Ọ̀bọ̀nbọ̀n forí gbá ògiri Ìyá Àbẹ̀sùn, ó tún fò,
ó kọjá lórí páànù tó ti dípẹtà.
Mo gbé ekejì sórí gúáfà, mo yíjú pe Ìbídùn,
kí n tó yíjú padà, igi ló kù.

Nínú ìgò hórílíkì, ẹyin mẹ́rìnlá. Wọ́n jọ irúgbìn.
Mi ò tíì dà wọ́n nù.
Mo gbé wọn lé ìwọ̀n.
Ìwọ̀n ò mira.